Èkó sí Iléṣà pẹ̀lú ìbejì àti ọmọ ọwọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí ọkọ mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Iléṣà ni, ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé Kérésì. Gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ bàbá wọn àgbà ló ń bọ̀, látorí àwọn tó wà ní Kánò dórí àwọn ará Ìlú Ọba. Ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, ó ti tó ọdún márùn-ún, èmi àti ọkọ mi nìkan la lọ. A wọ bọ́ọ̀sì ní Ọjọ́tà, a jẹ bọ̀ọ̀lì, a sùn díẹ̀, a lajú, Iléṣà rèé. Ní báyìí, Táyé àti Kẹ́hìndé ti pé ọdún mẹ́rin, Ìdòwú sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ.

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Táyé máa ń bì nínú ọkọ̀. Ṣómólú sí Ìkẹjà lásán, á ti bì ká tó débẹ̀. Kẹ́hìndé kì í sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun àfi tó bá ti ń dà á. Ìdòwú ò fẹ́ kí wọ́n de òun mọ́ ohunkóhun. Ẹ ṣáà mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú wọn, Èṣù lẹ́yìn ìbejì. Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, sì ti sọ pé ẹ̀yìn lòun máa jókòó sí, òun máa gbé Ìdòwú lẹ́sẹ̀, torí pé ọwọ́ òun ni ọmọ márùn-ún ti dàgbà, ìkankan ò já bọ́.

Ọkọ̀ Corolla kan péré la ní. Ọkọ mi ní ká gbéra lóru kí àwọn ọmọ lè sùn lọ. Kí lẹ rí sí i?

Awakọ̀ Ọ̀nà Iléṣà

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbéra. Èmi ti ń kó èrò láti Ọjọ́tà lọ sí Iléṣà, ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé kó má fòru rìn. Tírélà tó bá kú sójú ọ̀nà lóru, ewé igi ni wọ́n máa ń já sẹ́yìn ẹ̀, kò ní iná kankan. Nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ tún ń bò ó. Ẹ̀yin á rò pé ọ̀nà ṣófo, ẹ̀yìn tírélà lẹ máa bá ara yín.

Ìdájí ni kẹ́ ẹ gbéra. Aago márùn-ún ààbọ̀ ò gbọ́dọ̀ bá yín nílé. Ẹ ti kó ẹrù sọ́kọ̀ lálẹ́, ẹ gbé àwọn ọmọ tòun ti aṣọ oorun wọn, ẹ má fi omi kan wọn lójú. Tẹ́ ẹ bá ti jáde sí Ìkòròdú Road, kẹ́ ẹ kọjá Ọjọ́tà, kẹ́ ẹ bọ́ sí Berger kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó dà sójú pópó, oorun yẹn kan náà ni wọ́n máa sùn dé Ṣàgámù. Ọ̀nà Iléṣà ò le, Èkó ló le. Ẹni tó bá ti kọjá Kárà ti bọ́ lọ́wọ́ ìjà. Màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fúnra ẹ̀, kìlómítà 127 ni, ọkọ̀ tó dáa á jẹ ẹ́ bí ẹ̀kọ. Àmọ́ ẹ má sá ju 100 lọ ní wákàtí kan, òun ni òfin fún ọkọ̀ ilé lórí màrosẹ̀, ọmọ sì wà nínú ọkọ̀ yín.

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la. Bíréèkì, omi rédíétọ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú sípíà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé sípíà tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú ẹ̀ káàkiri. C-caution, àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá ó wà lábẹ́ ẹrù tàbí pé ó ti di ohun tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré.

Ilé epo ńlá tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa dúró. Ẹ má dúró lórí Long Bridge, ẹ má dúró ní Ògèrè níbi tí àwọn tírélà ń sùn sí. Bó ti wù kí ìtọ̀ gbọ̀n ọmọ tó.

Nọ́ọ̀sì Yàbá

Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Màmá yẹn ni mo fẹ́ mú. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tó lè di ọmọ mú tí ọkọ̀ bá fi ojú gbá nǹkan. Ọmọ kílò mẹ́jọ kì í jẹ́ kílò mẹ́jọ mọ́ lásìkò yẹn. Eré tí ọkọ̀ ń sá ni ọmọ náà ń sá, agbára tó fi máa já lọ á pọ̀ ju ìwúwo ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ẹni tó gbé e lẹ́sẹ̀ gan-an, tí òun náà ò bá de bẹ́líìtì, orí ọmọ ló máa wó lé.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ, àga tiẹ̀ ni, car seat tó kọjú sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ dè é sí, ẹ má gbé e sí iwájú níbi tí airbag wà láéláé. Àwọn ìbejì náà, kálukú pẹ̀lú àga tiẹ̀. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ yí i dojú dé, ẹ máa rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lábẹ́ ẹ̀, nígbà míì wọ́n á kọ ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ síbẹ̀. Ẹ wo ara ike ẹ̀ bóyá ó sán. Ẹ fa bẹ́líìtì ẹ̀ dáadáa. Ẹ sì rà á báyìí, kí Ìdòwú máa jókòó nínú ẹ̀ ní pálọ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ máa fún un ní nǹkan jẹ níbẹ̀. Kó tó dọjọ́ ìrìnàjò, á ti gbà pé ilé òun ni.

Tó bá fẹ́ mu ọmú, ẹ dúró. Ẹ má tú u sílẹ̀ lórí ìrìn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o. Peugeot 504 ló gbé gbogbo wa dàgbà. Mẹ́jọ nínú ọkọ̀ kan, èmi lórí ẹsẹ̀ àbúrò bàbá mi, adìyẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kò pa wá.

Nọ́ọ̀sì Yàbá

Àwọn tó pa ò lè wá bá wa sọ̀rọ̀ níbí, bọ̀dá mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Háà. Mo dákẹ́.

Bàbá Àbíkẹ́, Súrùlérè

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ná kẹ́ ẹ tó máa jà. Bàbá ìbejì, Ìyá ìbejì, Màmá, ọmọ mẹ́ta. Ẹni mẹ́fà. Corolla, ẹni márùn-ún. Tí àga ọmọ mẹ́ta bá sì jókòó lẹ́yìn (mi ò tiẹ̀ dá a lójú pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba ẹ̀yìn Corolla láì jẹ́ pé ẹ wá èyí tó tín-ín-rín), ẹnì kan péré ló kù tó lè jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Nínú ẹ̀yin àti Màmá, ta ló ń dúró sílé?

Ohun tí èmi ṣe lọ́dún tó kọjá nìyí. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ dé Ìbàdàn. Alágómèjì ní Èbúté Mẹ́ta la ti wọ̀ ọ́, ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson pè, ó ń dúró ní Agége àti Abẹ́òkúta kó tó dé Mọ́níyà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ló ti ń gbé èrò, ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 157. Àwọn ọmọ lè dìde rìn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ẹ̀. Àbíkẹ́ mi fi imú lẹ fèrèsé títí tí gíláàsì fi kún fún itọ́. Ẹni tó ń bì nínú mọ́tò, ọkọ̀ ojú irin sábà máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀.

Àléébù ẹ̀: Mọ́níyà wà lápá ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọ̀nà Ifẹ̀ sì gba Ìwó Road. Ẹ gbọ́dọ̀ la Ìbàdàn kọjá kẹ́ ẹ tó rí ọkọ̀ Iléṣà, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú ọmọ. Tíkẹ́ẹ̀tì àsìkò ọdún sì máa ń tán kíá. Ẹ má gbọ́kàn lé e pé ẹ máa débẹ̀ rà á.

Màmá Èbúté Mẹ́ta

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ Màmá ni.

Èmi náà ti di ìyá ọkọ, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Ẹ má bá wọn sọ ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Wọ́n á gbọ́ ọ pé ìyàwó ọmọ òun ní òun ò mọ ọmọ gbé mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu yín jáde rárá, ọmọ wọn ni kó lọ bá wọn, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Kó má sọ pé ààyè ò sí. Kó ní, "Màmá, ilé Iléṣà yẹn, ta ló máa ṣí i? Ta ló máa gbá a? Àwọn ará Ìlú Ọba yìí fẹ́ dé, àwọn wo ló máa sùn sí yàrá wo? Ọkàn mi ò balẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá ṣáájú wa débẹ̀." Lẹ́yìn náà kó dákẹ́. Kó máa wo tẹlifíṣàn. Àwọn fúnra wọn ló máa sọ pé Wẹ́sìdeè làwọn máa lọ.

Kó wá bá wọn sanwó ọkọ̀ tó dáa, àga iwájú, kó sì sìn wọ́n dé gáréèjì. Kó má kàn fi owó lé wọn lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Màmá, ẹ̀rín pa mí. Mo fi han ọkọ mi, ó ní ta ló sọ fún yín bí ìyá òun ṣe ń ṣe. Ó máa gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ òní.

Èébì Táyé ńkọ́? Àwọn kan ní kí n fún un ní oògùn tó ń mú ọmọ sùn.

Nọ́ọ̀sì Yàbá

Ẹ má dá oògùn lò. Promethazine tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà ní ilé ìtajà oògùn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì rárá, ó lè dí i lọ́nà mímí. Táyé ti kọjá ọdún méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà ni kó sọ ìwọ̀n ẹ̀ fún yín lẹ́yìn tó bá ti gbé e sórí ìwọ̀n. Pàápàá, ẹ ṣọ́ra kí Ìdòwú má lọ pín nínú ẹ̀.

Ohun tó ń fa èébì yẹn ni pé etí inú ń sọ fún ọpọlọ pé à ń rìn, ojú sì ń wo nǹkan tó dúró sójú kan, bíi fóònù tàbí ẹ̀yìn àga iwájú. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò dọ́gba. Nítorí náà, ẹ fi Táyé sí àárín níbi tó ti lè rí ojú ọ̀nà níwájú. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀ tí kò lọ́ràá kó tó gbéra, ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì lásán. Àkàrà ò sí níbẹ̀ o. Ẹ gbé ọ̀rá tí kò lu dání, ó kéré tán mẹ́wàá, kó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń kó o sínú búùtù. Aṣọ ìpààrọ̀ náà, ọ̀kan lábẹ́ àga yín.

Tó bá bì léraléra, ORS ni, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ṣíbí kan ṣoṣo nígbà kan, ẹ má gbé ife fún un. Tí ORS ò bá sí, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí orí ẹ̀ tẹ́jú, ìdajì ṣíbí iyọ̀, nínú omi mímọ́ lítà kan. Ẹ má ṣe é nípa ìfojúdá.

Ẹlòmíì á ní ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan péré ló kù: bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ra epo tàbí ẹja, ẹ má ti ọmọ mọ́ inú ọkọ̀, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Oòrùn ilẹ̀ wa ò mọ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Tẹ́ ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ ìbejì, ẹ fi àlọ́ rọ́pò ẹ̀. Àlọ́ ò lójú, kò lè fa èébì. Bí ìyá àgbà mi ṣe ń gbé wa láti Ìdúmọ̀tà dé Ìbàdàn nìyẹn. "Àwẹ́ obì kan, à-jẹ-d'Ọ́yọ̀ọ́. Kí ni o?" Ahọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹ má tètè sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jẹ Ìbàdàn tán. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ̀wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin á rẹ́rìn-ín sí tindí yẹn, kò ní bìkítà fún ìdáhùn.

Ẹ sì ra dòdò Ìkirè fún èmi náà, ẹ fi ránṣẹ́.

Awakọ̀ Ọ̀nà Iléṣà

Ẹ má fún ọmọ ní dòdò Ìkirè o. Ata inú ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ pátápátá, wọ́n á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú. Àgbàlagbà gan-an á máa fẹnu fa afẹ́fẹ́.

Láti Ìwó Road, Aṣejirè ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Ẹ̀gbẹ́ odò yẹn, àwọn obìnrin tó ń ta ẹja wà níbẹ̀, ẹ lè nasẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀. Ifẹ̀ sí Iléṣà ò ju nǹkan bíi kìlómítà ọgbọ̀n lọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ sábà máa ń gbé igbe wọn dé, torí ara ti sú wọn. Ẹ fi oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù pamọ́ de ibẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí wàhálà lójú ọ̀nà, 122 ni nọ́ńbà àwọn Road Safety, owó ò ní wọ̀ ọ́. 112 náà wà.

Bàbá Àbíkẹ́, Súrùlérè

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, torí pé òun ló bà mí nínú jẹ́ lọ́dún náà. A dé láyọ̀, ibi àpéjọ gan-an lọmọ ti sọnù. Àbíkẹ́ tẹ̀ lé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde, gbogbo àgbà ní "ó wà pẹ̀lú àwọn èkejì ẹ̀," ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá. Inú agbo ẹbí, gbogbo èèyàn ń wo ọmọ, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi wò ó. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá wọn pẹ̀lú báírò, kẹ́ ẹ lẹ sẹ́lótéèpù lé e kí òógùn má nù ún. Ẹ má fi aṣọ ẹbí nìkan dá ọmọ mọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọmọ ló máa wọ ańkárá yẹn.

Màmá Èbúté Mẹ́ta

Ẹ kọ́ wọn ní orúkọ bàbá wọn àgbà kí wọ́n tó dé ọ̀hún. Ẹ kọ́ wọn ní ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ojú bá ń ti ọmọ, ẹ má bá a jà níwájú èrò. Àwọ̀n ẹ̀fọn tiyín ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹran bọ Ìdòwú lẹ́nu, ẹ yára gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ní ẹ ṣé o, mà á gé e fún un. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Ẹ̀yin ará ilé, a ti dé Iléṣà láti Jímọ̀. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé.

Màmá lọ ní Wẹ́sìdeè. Ọkọ mi ò tíì sọ ìlàjì ọ̀rọ̀ tó fi dá wọn lóhùn pé, "Ṣé ìwọ rò pé mo máa jẹ́ kí àwọn èèyàn bá ilé bàbá yín ní kíkún fún eruku?" Wọ́n ti di ẹrù kó tó dìde.

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú la kúrò nílé. Nígbà tí àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀ láti gba ẹ̀yìn ọkọ̀, a dá tòkunbọ̀ kan padà, a ra aláìlẹ́yìn fún Kẹ́hìndé, èyí tó kàn ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì lè gba àyà ẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ má bá mi wí, ibi tí ọwọ́ mi ká a dé nìyẹn. Ìdòwú ké láti Berger títí dé Mówè. Ó wá sùn lójijì bí ẹni tí wọ́n pa iná ẹ̀.

Gòsílóò mú wa ní Kárà náà ṣá. Ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé jí sí, ó ní, "Mọ́mì, ó ti ń bọ̀." Mo gbé póò sí àárín ẹsẹ̀ mi, mo tú u, mo gbé e lé e. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àgbò kún inú ẹ̀, ọ̀kan yọ orí jáde, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu, ó sì tẹjú mọ́ Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé náà tẹjú mọ́ ọn. Kò yọ ojú kúrò títí tó fi tọ̀ tán, ó ní, "Ẹ ní kó má wò mí mọ́."

Táyé bì lẹ́ẹ̀kan péré, ní Ìwó Road. Ọ̀rá wà lọ́wọ́ mi. Láti ibẹ̀ lọ, "tindí tindí" la pa dé Iléṣà, ọkọ mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé òun.

Bàbá Àbíkẹ́, Ọlọ́run á bù kún yín. Lọ́sàn-án Sátidé, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí, ó ní ọmọ kan wà nílé àwọn tó ń jẹ iyán, nọ́ńbà mi wà lápá ẹ̀. Táyé ni. Ilé kẹta sí tiwa. Mi ò tíì mọ̀ pé ó jáde.

Ọ̀rọ̀ míì ti dé o. Túsìdeè là ń padà. Màmá ní àwọn ń bá wa lọ, àwọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Ìdì iṣu wà, kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì, àti àkùkọ kan láàyè tí wọ́n ní ẹ̀bùn Ìdòwú ni. Màmá Èbúté Mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sùn?

Màmá Èbúté Mẹ́ta

Mi ò sùn. Ẹ pe ọkọ yín wá síbi tí fóònù wà.

Awakọ̀ Ọ̀nà Iléṣà

Ọkọ̀ mi ń bọ̀ láti Iléṣà ní Túsìdeè, àga iwájú ṣófo. Àkùkọ máa sanwó tiẹ̀ o.